Ọkọ Mi Tó Tú Ọ̀wẹ̀ Àna Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìdágbére Sìdíkátù Àṣàkẹ́ fún ọkọ rẹ̀, Mùkáílà Àjàní, níbi àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ní Mamobi, Accra

Háà, Àjàní. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe lọ. Ẹni tí kì í dé ẹnu ọ̀nà kó má sọ ibi tó ń lọ, ẹni tó máa ń padà láti ojú títì wá sọ fún mi pé òun gbàgbé láti dágbére, ìwọ náà lo wá bá ikú lọ láìwẹ̀yìn. Ikú ṣèkà o. Àga rẹ wà níbẹ̀, bàtà rẹ wà níbẹ̀, èmi Àṣàkẹ́ rẹ náà wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan ni a ń wá.

Lójú àwọn èèyàn, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè ọ́, nítorí pé ọkọ mi ni ọ́, o sì jù mí lọ. Bó bá ku àwa méjì, "ìwọ" ni. Kí àwọn àgbà tó ń gbọ́ ìwé tí mo ń kà yìí má bínú sí mi. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn kàn ń gbọ́ ni.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn kan lóhùn. Nítorí pé oníṣẹ́ iná ni ọ́, wọ́n ti ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé ṣé iná ló gbé ọ. Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àìsàn tó ti ń bá ọ fínra tipẹ́, tí o sì ń fi oògùn rẹ̀ ṣeré nígbàkúùgbà tí ara bá ti yá díẹ̀. Orí ibùsùn rẹ lo kú sí, lọ́sàn-án, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú. Iná tí o fi gbogbo ayé rẹ bá lò kò rí ọ mú rí. Kí ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn rẹ sọ ìyẹn náà.

Àjàní, ọmọ Darkuman tí gbogbo Mamobi gbà lọ́mọ. A-fi-ìmọ́lẹ̀-ṣoore. A-báni-ṣe-é-kó-yọrí. Ọkọ Àṣàkẹ́, ọkùnrin tó dúró ṣinṣin bí òpó, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi bíi rédíò onígbàjámọ̀. Ẹnu rẹ pọ̀, Àjàní. Mo máa ń sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o wà láyé, n kò sì ní torí pé o kú kí n wá máa pè ọ́ ní onídàákẹ́jẹ́.

Bí wọ́n bá pè ọ́ pé kí o wá gbé iná sí ìta ilé àwọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gílóòbù lo kọ́kọ́ ń sọ. O ó rìn yí ilé ká. O ó bi ìyá ilé léèrè pé níbo lẹ ti ń fọṣọ, níbo lẹ ń da omi ọṣẹ nù sí, níbo ni òjò máa ń gbà kọjá. Àwọn mìíràn rò pé àtojúbọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. O ó wá ní, "Omi àti iná kì í sùn lórí ẹní kan náà. Ẹ sọ ibi tí omi ń sùn fún mi, kí n lè wá ibòmíràn fún iná." Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì mú ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí o tó fọwọ́ kan wáyà, o ti pa iná nídìí mítà, o ti yọ fúúsì, o ti jù ú sápò. O máa ń sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ iná, tó fi fúúsì sílẹ̀ lára ògiri, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀ o ó tún fi téstà kàn án wò, nítorí pé o kì í gba iná gbọ́, kódà nígbà tó bá ti kú. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan báyìí, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nílé kan ní Darkuman nígbà tí àkókò ìrun tó. O lọ kírun. Gbogbo ilé náà ń làágùn, wọ́n ń kígbe pé dumsor, iná tí ìjọba ń mú lọ, tún ti dé, àwọn kan ti ń wá epo fún ẹ̀ńjìnnì wọn. Àṣé inú àpò jàlábíà rẹ ni dumsor náà wà, tó ń bá ọ kírun ní mọ́sálásí. Ìyá ilé náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Obìnrin náà wà láàárín yín níhìn-ín lónìí, omijé ló ń nù.

Ọ̀rọ̀ síso wáyà pọ̀ ní tiẹ̀, bí ẹ̀sìn lo ṣe mú un. O ní wáyà tí a bá gé tí a tún so, ọgbẹ́ la dá sí i lára, ẹni tó bá sì dá ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ dì í dáadáa. Bó bá ṣeé ṣe kí wáyà kan lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgé e, bẹ́ẹ̀ lo máa ń ṣe é, ìyẹn bó tilẹ̀ gbà kí o lọ ra òmíràn. Bí kò bá ṣeé ṣe, o ó gbé ojú ibi tí o so ó sókè lára ògiri, lábẹ́ òrùlé, nínú àpótí kékeré tí ìdérí rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé. O ó fi skúrù dè é, o ó fà á wò, o ó tún fà á, kí o tó pa ìdérí náà dé. Ẹnu àpótí yóò dojú kọlẹ̀. Wáyà yóò tẹ̀ kọdọrọ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè wọlé, kí omi òjò lè máa kán sílẹ̀ níbi tó ti tẹ̀, dípò kó tẹ̀ lé wáyà wọ inú àpótí bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè. Wáyà aláwọ̀ ewé òun ìyeyè tí àwọn ẹlòmíràn máa ń gé sọnù kí iṣẹ́ lè yá, o kì í gé e. O ní wáyà ilẹ̀ nìyẹn, òun ni yóò mú iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara ọmọ ọlọ́mọ.

N kò kọ́ iṣẹ́ iná o. Aṣọ ọmọdé ni mo ń tà ní ọjà Odawna. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá ọ gbé pẹ́ tó báyìí, tó ń gbọ́ ẹnu rẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò mọ̀ ọ́n tipátipá ni.

Odawna náà la ti pàdé. O wá tún iná iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ṣe, o sì bá aṣọ àwọn ọmọdé tí mo fi háńgà kọ́ sára wáyà, tó tò lọ gbọọrọ. O kò kí mi. O ní, "Sister, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn nǹkan yìí kúrò lára wáyà. Ṣé ẹ rò pé okùn aṣọ ni?" Inú bí mi gidigidi. Mo kó aṣọ mi, mo sì sọ ọ̀rọ̀ sí ọ tí n kò ní lè kọ sínú ìwé àdúrà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, o tún dé, o ní o wá wò ó bóyá iná náà ń ṣe dáadáa. Ó ń ṣe dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì o tún wá wò ó. Àwọn tí a jọ ń tajà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iná ṣọ́ọ̀bù Àṣàkẹ́ mà ń ṣàìsàn gan-an o. Kó tó pẹ́, mo ti ń wọ aṣọ tó dáa lọ sí ọjà ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá rò pé o lè wá.

O wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Bàbá mi, Alfa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú nínú àgbàlá ilé wa ní Mamobi níbí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Accra. Ìwọ, Accra ni wọ́n bí ọ sí. Bàbá rẹ àgbà ló ti Nàìjíríà wá, ṣùgbọ́n Twi lo fi ń lá àlá, Yorùbá rẹ a sì máa fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà. Alfa wò ọ́ títí. Ó ní, "Ṣé ọmọ wa ni èyí, àbí Alata, ọmọ Yorùbá tí ilẹ̀ yìí ti gbà tán?" O dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, o ní, "Bàbá, ọmọ yín ni mí." Alfa ní ìyẹn kù sí ọwọ́ òun.

Ó ní òun kò bèèrè ohun tó pọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni òun fẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Accra, kí n sọ ohun tí ọ̀wẹ̀ jẹ́ fún yín. Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni a máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí oko àna, wọn a fi ọjọ́ kan kọ ebè, oòrùn kì í sì í wọ̀ kí iṣẹ́ náà má parí. Bàbá ìyàwó a wò ó, a dúpẹ́, a súre. Ní ìdílé tiwa, ọ̀wẹ̀ tí a bá ti dúpẹ́ rẹ̀, tí a sì ti súre lé lórí, a kì í tú u. Ẹni tó bá tú u, ire tí wọ́n sú fún un ló dá padà. Ẹni tó bá sì dá ire àna padà, ó ti kọ ìyàwó náà nìyẹn.

Alfa kò ní oko ní Mamobi. Àgbàlá ló ní. Ààwẹ̀ ti ń sún mọ́lé, ó sì fẹ́ kí iná tàn yí àgbàlá náà ká, kí àwọn obìnrin tó ń jókòó síta gbọ́ wáàsí lẹ́yìn ìṣínu lè rí ojú ara wọn. Ó ní kí o kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá, kí ẹ ṣe é parí lọ́jọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní tèmi, mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé bí kì í bá ṣe ìwọ, n kò fẹ́ ẹlòmíràn. Mo sì mọ̀ pé n kò ní bá ẹni tí bàbá mi kò fi mí fún lọ. Èmi gan-an ni ọ̀wẹ̀ ọjọ́ náà dá lé lórí.

Ẹ wá lọ́jọ́ náà bí ogun. Kofi ọ̀rẹ́ rẹ ló ṣáájú pẹ̀lú ṣọ́bìrì lórí èjìká, ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ ọ̀wẹ̀ rí, àmọ́ tó ní níwọ̀n ìgbà tí wààkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, bá ti wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá pè é kò kan òun. Ẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ ri òpó, ẹ fa wáyà. Màmá mi àti àwọn obìnrin ilé ń dáná. Alfa jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò wo wáyà. Oòrùn ló ń wò. Ìwọ náà ń wò ó láti orí òpó tí o wà, o sì ń pariwo sí àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé kí wọ́n ṣe kíá, ìwọ tí kì í kánjú rí. Ojú àna le, Àjàní. Ó ń sọ ọlọ́gbọ́n di oníwàǹwára.

Kí ìrun Mọgàríbì tó wọlé, iná tàn. Àgbàlá mọ́lẹ̀ yí ká, àwọn obìnrin hó yèè. Alfa dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí, ó súre fún ọ pé bí o ṣe mú ìmọ́lẹ̀ wọ ilé òun, Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ilé tìrẹ ṣókùnkùn láé. A ṣe àmín títí ohùn wa fi há. Màmá mi wò mí, mo wo ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Inú ọkọ̀ tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀ tí ẹ jọ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ni Kofi ti ń yangàn pé bí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ òun ni, ilẹ̀ ì bá ṣú bá yín. Ó ní wáyà tí ń gba ìdí ibi àlùwàlá kọjá kúrú nígbà tí o wà lórí òpó, òun sì so òmíràn mọ́ ọn kíá. O bi í pé kí ló fi wé ojú rẹ̀. Ó ní, "Chale, tépù no asa." Tépù ti tán. Ọ̀rá omi tó mu tán ló fi wé e, ó fi òwú dè é, ó bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí ibi àlùwàlá, Àjàní. Ibi tí gbogbo ilé ti ń fi kẹ́tù da omi sílẹ̀ ní gbogbo àkókò ìrun, láìwọ bàtà.

O sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ọ̀nà mìíràn wà tí o rò. O lè yọ́ wá tún un ṣe nígbà tí Alfa bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ. O lè dúró de ọjọ́ tí iná bá kú fúnra rẹ̀, kí o wá bí ẹni tó wá ṣe àtúnṣe lásán. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Iná ń tàn, ire ti sọ̀kalẹ̀, ìyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́ rẹ. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò ṣe bẹ́ẹ̀. O ní ibi àlùwàlá kì í dúró de ìsọmọlórúkọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an lo dé, lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ń retí oṣù ààwẹ̀. Ìrun Àlàásárì ti tó. Alfa ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti gbé kẹ́tù, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. O wọlé láìsálámà, láìdọ̀bálẹ̀, o gba ẹ̀gbẹ́ bàbá mi kọjá lọ sí ìdí mítà bí ẹni tí kò rí i. Fáànù yàrá dákẹ́. Rédíò dákẹ́. Mo rí ọ bí o ṣe ki ọwọ́ bọ àpò, mo sì mọ ohun tí o kì síbẹ̀. Ìgbà náà lo tó padà wá, o na gbalaja sílẹ̀ níwájú Alfa. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da omi síbẹ̀. Mo fẹ́ tú ọ̀wẹ̀ yín."

Alfa gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó ní, "Mùkáílà, mo ti dúpẹ́. Mo ti súre."

O ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé o mọ ohun tí títú ọ̀wẹ̀ jẹ́ nílé wa?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni kò dáa."

Iṣẹ́ mi. O kò dárúkọ Kofi nígbà náà, o kò sì dárúkọ rẹ̀ fún bàbá mi títí o fi kú. Kofi fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ fún wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wa. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ tí o tú ọ̀wẹ̀ náà, n kò tíì rí irú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí o fi kú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wò ọ́ bí o ṣe ń gbẹ́ ìdí ibi àlùwàlá, mo sì ń rò ó pé ọkùnrin yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O fa ọ̀rá náà yọ. Omi ti wọ inú rẹ̀, ó kún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Alfa kò wò ó. Ó lọ ṣe àlùwàlá tirẹ̀ nílé aládùúgbò, nígbà tó sì padà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìyàwó, ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí mo máa sọ." O bèèrè bóyá o lè máa wá ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní àgbàlá òun kò ní ilẹ̀kùn.

O ń wá. Ìwọ nìkan, nínú ààwẹ̀, nínú oòrùn. O yí ọ̀nà wáyà padà kúrò níbi tí omi ń gbà, o gbẹ́ ilẹ̀ jìn, o ki wáyà sínú páìpù, o fi wáyà kan ṣoṣo dé òpó. Èyí tí o gbọ́dọ̀ so, o gbé e lọ sábẹ́ òrùlé. O fi bíréékà kan sí ìdí mítà, irú èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ṣìnà díẹ̀ báyìí. Alfa kì í ṣe ju kó dá sálámà rẹ lóhùn. Èmi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ bá ọ sọ̀rọ̀, mo sì ń ṣa ìrẹsì lójú fèrèsé títí kò fi sí òkúta kankan nínú ìrẹsì ilé wa mọ́. Àwọn obìnrin ń fi tọ́ọ̀ṣì gbọ́ wáàsí. Wọ́n ń sọ ọ́ létí mi pé ọkọ tó ń tàn tó ń kú bí iná dumsor, kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Alaalẹ́ ni mo ń gbàdúrà, mi ò sì jẹ́ purọ́, kì í ṣe àdúrà ọ̀run rere ni mo ń gbà.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìṣínu kù díẹ̀, Alfa pè ọ́ láti orí àga rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kí ló dé tí o fi wá?"

Mo rò pé o ó sọ ọ̀rọ̀ ńlá. O mọ̀ ọ́n sọ. O kàn ní, "Ìyàwó mi ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀, Bàbá."

Alfa ní, "Ta ló ti fún ọ níyàwó?"

Ojú tì ọ́, o wólẹ̀. O ní, "Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin náà ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ ní Àsùbáà."

Alfa na dàbínù kan sí ọ, o sì fi ṣínu. Èmi tó wà lójú fèrèsé, n kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, lẹ́yìn tí a ti ìrun Yídì dé, ó pe ìwọ àti àwọn ẹbí rẹ láti Darkuman, ó pe èmi náà. Ó ní, "Ní ìdílé wa, ọ̀wẹ̀ kì í ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òfin bàbá mi ni, n kò lè yí i padà. Èyí tí ọmọkùnrin yìí tú, ó ti tú. Nítorí náà iṣẹ́ tó wá ṣe nínú ààwẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Mo ti rò ó yí ká, orúkọ kan ṣoṣo ni mo rí fún un. Ọmọ kan ló ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe." Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n lọ gbé omi wá fún ọkọ mi.

Bí mo ṣe di ìyàwó rẹ nìyẹn, Àjàní. O tọ́jú mi. O kọ́ àwọn ọmọ wa, ọkùnrin àti obìnrin, bí wọ́n ṣe ń pa iná kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. O kò jẹ́ kí ebi pa wá, àfi ebi tí o máa ń fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ pa mí nígbà tí oúnjẹ bá ti délẹ̀ tí o kò tíì sọ̀rọ̀ tán. A jà, a parí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, nítorí pé dídákẹ́ máa ń rẹ̀ ọ́ ju jíjà lọ.

Ó ku ohun kan tí o kò rí, tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ.

Lọ́jọ́ tí a sin ọ́, Alfa ló ṣíwájú ìrun sí ọ lára nínú àgbàlá yìí. Ó ti darúgbó, àga ló gbára lé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé òun ni í máa ń tẹ̀ lé òkú Yorùbá dé ojú oórì láti Mamobi níbí, ì báà jẹ́ ẹbí, ì báà jẹ́ ará. Nígbà tí wọ́n gbé ọ, àwọn àgbà ní, "Alfa, ẹ jẹ́ ká lọ, ọkọ̀ ti wà níta." Ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n rò pé kò gbọ́. Wọ́n ní, "Alfa, àna yín mà ni, ta ló máa ṣe é bí ẹ ò bá lọ?" Ó tún ní kí wọ́n máa lọ. Ẹnì kan mú un lápá, ó rọra yọ ọwọ́ ẹni náà kúrò. Ó ní, "Bàbá kì í rí ojú oórì ọmọ rẹ̀."

Wọ́n gbé ọ lọ. Àwọn ọmọ wa ọkùnrin bá ọ lọ, Kofi bá ọ lọ, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Obìnrin kì í lọ, nítorí náà mo dúró. Alfa fọwọ́ lu ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jókòó tì í. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kà á. A jókòó bẹ́ẹ̀, èmi àti bàbá rẹ, títí àwọn tó sin ọ́ fi padà dé.

Ọkọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. N kò sọ ọ́ tó nígbà tí o wà láyé, nítorí pé o kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tún ní kí n jókòó sójú fèrèsé dè ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ dé òpin, láìmọ̀ bóyá wọn yóò fi mí fún ọ, n óò tún jókòó. N óò ṣa ìrẹsì náà. N óò dè ọ́.

Ọlọ́run kó gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, kó forí àṣìṣe rẹ jì ọ́, kó bá wa tọ́jú àwọn tí o fi sílẹ̀. Sùn ní tìrẹ, Àjàní. Sùn re, ọkọ Àṣàkẹ́. Sùn re, ọmọ Alfa.